Ẹní Kíríkẹ́ẹ̀tì Tó Wà ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mi

Ẹní náà wúwo débi pé ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń gbé e. Okùn èèpo àgbọn ni wọ́n fi hun ún, ó sì gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ, torí náà kíká ni a máa ń ká a, a ó sì gbé e ti ògiri. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Pápá tí wọ́n ń lò ní Sèmè-Kpodji, iyanrìn ni. Bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ lórí iyanrìn, ibẹ̀ ló máa kú sí. Orí ẹní nìkan ló ti ń ta sókè.

Ọkọ mi ló rà á. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbí ní Kútọnu. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Gbégamey ló dá ìdíje ife kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan láti àdúgbò mìíràn. Ogún ófà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá, bọ́ọ̀lù mẹ́fà nínú ófà kan. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ti jáde nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí pé ẹní kan ṣoṣo ló wà, ọkọ mi fi àdéhùn kan sí i: ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó gba ife ni ẹní máa wà, àwọn ni yóò sì máa gbé e lọ sí pápá fún gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ tó bá lé wọn jáde ni yóò gbà á lọ.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ wa ló gba ife, ilé wa ni wọ́n sì gbé ẹní sí. Kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi kú.

Àwọn tó wá kí mi padà sílé wọn. Ọmọbìnrin mi padà sí Parakou, níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń ta ìwé àti bírò ní ìsọ̀ mi, láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ọ̀rọ̀ tí mo sì máa ń bá ènìyàn sọ kò ju iye ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń gbọ́ ìró báṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí balógun ẹgbẹ́ wa ń wà, lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà, ọkọ̀ náà sì máa ń rùn fún ọ́ìlì. Ìgbà tí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ wa ló fẹ́ ṣeré, wọ́n gbọ́dọ̀ wá gbé ẹní.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó wa. Ṣé ẹní sùn dáadáa?"

"Ó sùn jù mí lọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mu omi, wọ́n á bi mí léèrè ọmọ mi. Èmi náà á gbé ìkòkò àtàsì mi, ìrẹsì tí mo sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, sẹ́yìn ọkọ̀, màá sì bá wọn lọ. Ní alẹ́, wọ́n á gbé ẹní padà wọlé, wọ́n á tún jókòó díẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá tú, màá fi abẹ́rẹ́ àpò àti okùn àwọn apẹja rán an láàárín ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an máa ń jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ tètè lọ fún mi.

Nígbà tí ó ku eré kan kí a dé àṣekágbá, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Godomey ni a bá pàdé. Balógun wọn sanra, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀yin ará Gbégamey, ẹ sọ fún ìyàwó Tísà kó máa dágbére fún ẹní."

"Ọkọ̀ yín wo ni yóò gbé e?" ni balógun wa dá a lóhùn. "Ẹ kọ́kọ́ lọ lẹ táyà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo jókòó lábẹ́ igi àgbọn, n kò sì lè jẹun. Àwọn tó kù ń ronú nípa ife. Èmi ń ronú nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

Ófà ìkẹyìn ló dé, rọ́ọ̀nù díẹ̀ ló sì kù kí a borí. Balógun wa gbá bọ́ọ̀lù kan sókè gan-an, ó ń lọ sọ́nà òkun. Ọkùnrin sísanra yẹn ló dúró sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ó bà sórí ikùn rẹ̀, ọkùnrin náà sì fi apá méjèèjì dì í mọ́ra kí ó tó kan ilẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀ kò ní gbá mọ́, balógun wa ló sì kẹ́yìn nínú àwa tó lè gbá. Bí a ṣe jáde nìyẹn.

Balógun Godomey wá bá mi nígbà tí wọ́n ń ká ẹní. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àdéhùn ni."

"Mo mọ̀. Ọkọ mi ló ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á."

Ẹní náà yọ jáde lẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ìdí rẹ̀.

Àwọn tiwa gbé mi délé. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé, torí náà kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ àfi ẹni tó bá mi gbé ìkòkò. Wọn kò pa ọkọ̀.

"Ó dàárọ̀ o, ìyàwó wa."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹ̀wà kaná. Omi ti ń hó kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Mo jẹ àtàsì yẹn títí ó fi sú mi. Mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdọ̀tí okùn díẹ̀ ló kù ní ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà ìlú wa, lọ sí Sèmè. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá sún fún mi lórí bẹ́ńṣì.

"Màmá, ẹgbẹ́ wo lẹ wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ẹní ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo ń wo etí tí mo rán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sáré lórí rẹ̀, kò tú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, mo dìde, mo sì lọ wá zẹ́mì tí yóò gbé mi padà sílé.