Bí Mo Ṣe Pọn Ìṣubú Róòmù Lọ sí Odigbo

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Araromi-Obu, Tósìn ọmọ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn mi, àròkọ ojú ìwé mẹ́rin lórí ìṣubú Róòmù lábẹ́ ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n. Mo ní olè kò ní rí i níbẹ̀. Olè wo ló ń wá Róòmù kiri? Ẹ má bi mí.

Pàá Tíṣà, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì sí Odigbo, ló ní kí n wá. Bí ìdáhùn mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bá mi kọ lẹ́tà sí yunifásítì. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí n kúkú padà sídìí kòkó ọkọ mi. Mo ti há àròkọ náà sórí bí ẹni há Sáàmù.

Alùpùpù gbé wa la igbó já sí Ore. Ní gáréèjì, ìlà ni! Látìgbà tí ṣọ́jà ti gbàjọba, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò láìtò. Ẹni tó mú pàṣán tò wá ni Lábí, Lábí kan náà tó máa ń dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú tì wá wọ mọ́tò láyé àwọn alágbádá. Fìlà ti di kakí. Pàṣán kò yí padà.

"Ìyá Tósìn, ẹ tò dáadáa! Ayé ti yí!"

"Mo rí i. Ìwọ nìkan ni kò yí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba ogún kọ́bọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Nínú takisí, àpò àlùbọ́sà Àlàájì kan gún mi lẹ́sẹ̀.

"Àlàájì, òórùn àlùbọ́sà yín ti wọ irun mi o."

"Ẹ dúpẹ́, ìyá ìkókó. Ọbẹ̀ alẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo rántí akéwì Róòmù kan tó ń ráhùn pé òórùn àlùbọ́sà àwọn jagunjagun àjèjì kò jẹ́ kí òun lè kéwì mọ́. Ewì ló sì fi ráhùn!

Nígbà tí a dé Odigbo, mo kúnlẹ̀ kí Pàá Tíṣà, mo tú ọ̀já. Tósìn ti tọ̀ sí Róòmù. Íńkì ti di omi aró, gbogbo ohun tí mo há sórí sì bá ìwé náà lọ.

"Gbé ìyẹn sílẹ̀," ni Pàá wí. "Wọ́n yọ ọba Róòmù ìkẹyìn lórí ìtẹ́, ọmọdé lásán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ló yí padà?"

Lábí nìkan ló yọ sí mi lọ́kàn. "Ẹ má bínú, sà. Àwọn sẹ́nétọ̀, ìyẹn àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ìlú, ṣì ń jókòó. Agbowó-orí ṣì ń gba tirẹ̀. Ó jọ pé fìlà nìkan ni wọ́n pààrọ̀."

"Kò sí ohun tó wó, àbí?"

Tósìn figbe ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì tí mo gbé dání, ògì funfun báláú tí kò rí mílíìkì, nítorí mílíìkì alágolo ti wọ́n ju agbára wa lọ. Mo tẹjú mọ́ ṣíbí náà.

"Ó wó, sà. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ààfin tó gbọ́, ẹni tó ń bọ́ ọmọ ti mọ̀."

Pàá fa bébà kan mọ́ra. Ó wá bírò rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Róòmù ńkọ́?"

"Ọmọ rẹ ti tọ̀ sí i."

Ojú rẹ̀ fà ro. Mo tú gèlè mi, mo yọ lẹ́tà náà jáde, gbígbẹ. Ẹ̀kọ́ ìrìn àjò mi nìyẹn: ohun tí obìnrin bá fẹ́ gbé délé, kó má fi sábẹ́ ọmọ.