Ìlà Ẹfun ní Kọ́nà Ilé Wa

"Ẹ dúró síbẹ̀," ni Bàbá aládùúgbò wa wí, ọ̀pá sì dúró. Ọparun ni ọ̀pá náà, ó gùn ju yàrá wa méjèèjì lọ bí a bá so wọ́n pọ̀. Ọmọṣẹ́ kan gbé orí ẹ̀ lé èjìká, ọmọ Bàbá gbé ìrù. Orí ti yà sí ọ̀nà Mápó, a ò rí ẹni tó gbé e mọ́, àmọ́ ìrù ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ó ń họ ògiri ilé wa. Bàbá sún mọ́ ọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò níbi tí ọparun ti kan ògiri, wọ́n wá yọ ẹfun lápò. Ìlà kan lóòró, ìlà kan níbùú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí mi lórí pèpéle pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ mi. "Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "bá mi ṣọ́ ìlà yìí o." Mo ní mo gbọ́.

Gbogbo Bẹyẹrunkà, àdúgbò wa, ló ń pè wọ́n ní Bàbá Ọlọ́mọlanke, orúkọ náà sì máa ń bí wọn nínú. Ọmọlanke ni kẹ̀kẹ́ onígi tí àwọn aláàárù ń tì kiri Ọjà'ba. Ohun tí Bàbá ń ṣe kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọkọ̀ oko ni, èyí tí wọ́n fi ń gbé irin iṣẹ́ tó bá gùn gbọọrọ lọ sí abà: páìpù omi, ẹsẹ̀ táńkì, ọpọ́n irin tí wọ́n fi ń yan gààrí. Inú kọ̀rọ̀ àdúgbò wa ni àwọn jórinjórin ti máa ń jó irin wọ̀nyí pọ̀, torí pé ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jogún wà. Wọn á jó o tán, á dára lójú, á wá ku bó ṣe máa jáde. Lọ́rí ò lè wọlé wá gbé e. Ogún ọkùnrin ò lè rù ú kí wọ́n sì yà ní kọ́nà. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń rántí ilé Bàbá.

Ọkọ̀ Bàbá kò ní ikùn. Táyà méjì wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn, kò sí nǹkan kan láàárín. Ẹrù fúnra ẹ̀ ni ikùn ọkọ̀. Wọ́n á de orí ẹrù mọ́ táyà iwájú, wọ́n á de ìdí ẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá gùn, ọkọ̀ á gùn, bó bá kúrú, ọkọ̀ á kúrú. Táyà ẹ̀yìn wá ní ọwọ́ irin kan tí ẹnì kan máa ń dì mú láti fi yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Mo máa ń lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá tí mo bá ti ilé kéú dé, nínú òórùn girísì àti irin gbígbóná, ayùn á máa ké lórí irin títí eyín á fi máa dùn mí. Bàbá kì í lé mi. Wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. "Orí ló ń wo ọ̀nà," ni wọ́n máa ń wí. "Ìrù ò lójú. Ẹni tó bá di ìrù mú ni ojú ẹ̀."

Ọmọ wọn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ojú ìrù. "Wọ́n" ni mò ń pè é nígbà yẹn, torí pé ọ̀dọ́kùnrin ni, ọmọdé sì ni mí. Mo ti ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ tipẹ́ báyìí, ó ti di ẹni tí mo lè pè ní "ó". Ó máa ń súfèé. Bí bíárìn inú táyà bá bàjẹ́, ó máa ń fọ́ ọ, á kó àwọn ọmọ irin róbótó inú ẹ̀ fún mi, mo sì ní wọn nínú agolo kan tó jẹ́ pé ìró ẹ̀ nìkan máa ń mú inú mi dùn. Ìyá mi ní bó bá ṣe pé mo lówó orí ni, àwọn méjèèjì, bàbá àtọmọ, ni ǹ bá fẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ yòókù máa ń wọn ẹrù kí wọ́n tó kan ọkọ̀. Bàbá máa ń wọn ọ̀nà. Wọ́n á gé ọparun tó gùn tó ẹrù gẹ́lẹ́, wọ́n á ní kí èèyàn méjì gbé e láti ṣọ́ọ̀bù títí dé Bẹẹrẹ, níbi tí pikọ́ọ̀pù yóò ti so ọkọ̀ mọ́ ìdí. Gbogbo ibi tí ọparun bá ti kan ògiri ni wọ́n máa ń fà ní ìlà. Ìtumọ̀ ìlà náà kò le: kí ìrù tó dé ibí, ẹ dúró, kí ẹni tó wà nídìí ọwọ́ irin kọ́kọ́ yí táyà ẹ̀yìn kí orí tó tún lọ. Bí wọn ò bá dúró, bí orí ṣe ń yà sọ́tùn-ún ni ìrù á máa gbá sósì. Kọ́nà ilé wa ló burú jù lójú ọ̀nà yẹn.

Ọpọ́n gààrí ni wọ́n fẹ́ gbé lọ́tẹ̀ yìí, ti àwọn ìyá kan ní abà. Ó ti yẹ kó lọ ṣáájú Iléyá, àmọ́ àwọn tó ni í ní ká jẹ́ kí ọdún kọjá, kálukú ń sáré àgbò. Bàbá ní kò burú, wọ́n ti wọn ọ̀nà ná.

Ní àdúgbò wa, Iléyá kì í bá ògiri láìkùn. Ẹni tí ò rí àgbò rà á ṣáà rí ọ̀dà rà. Búlúù ni ìyá mi rà lọ́dún yẹn, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mú ìsàlẹ̀, àwọn á mú òkè. Nígbà tí mo dé kọ́nà, mo dúró.

"Màmá, ìlà Bàbá ńkọ́?"

"Ìlà wo?"

"Èyí tí wọ́n ní kí n bá àwọn ṣọ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìlà Bàbá ni àlejò ń bọ̀ wá kí ni? Kùn ún jàre. Ẹfun ò wọ́n, wọ́n á tún un fà."

Mo kùn ún. Ẹfun náà kò tètè kú, ó ń hàn lábẹ́ ọ̀dà, mo bá tún un kùn. Ojú mi ò kúrò níbẹ̀ títí mi ò fi rí i mọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè fi pamọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ọdún ni wọ́n gbé ọpọ́n náà jáde. Àárọ̀ ni, awọ àgbò ṣì ń gbẹ lára ògiri káàkiri, gbogbo àdúgbò ń rùn bí ẹran díndín. Mo wà lórí pèpéle pẹ̀lú ẹran kan tó ju ẹnu mi lọ. Mo gbọ́ tí táyà ń yí bọ̀ lórí òkúta, mo gbọ́ Bàbá níwájú tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń fa okùn pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra." Orí ọpọ́n kọjá lójú mi. Ikùn ẹ̀ kọjá, ó ń dán. Ìrù ló kàn, ọmọ Bàbá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tó ti lè rí ìlà dáadáa. Ó ṣẹ́jú sí mi. Ó wá wo ògiri. Ó tún un wò.

Ìlà yẹn ló ń wá. Mo mọ̀ pé òun ló ń wá. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tó wà ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, ọ̀rọ̀ kan péré ló gbà: ibí ni, Bọ̀dá. Ẹran wà lẹ́nu mi, àmọ́ ẹran kọ́ ló dí mi lẹ́nu. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, Bàbá á mọ̀ pé wọ́n ní kí n ṣọ́ nǹkan, mi ò ṣọ́ ọ, wọ́n á bá mi wí lójú àwọn èèyàn. Ìyẹn ni mò ń rò nígbà tí orí yà.

Ìrù gbá Bọ̀dá mọ́ ògiri. Kò pariwo. Ìró tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé apẹ̀rẹ̀. Wọ́n pariwo níwájú pé kí ló dá ọkọ̀ dúró, Bàbá sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó sáré dé ẹ̀yìn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí ọpọ́n náà kúrò lára ọmọ wọn kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn, irin tí ọkùnrin mẹ́fà gbé sókè lọ́jọ́ tí wọ́n dè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ògiri. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì yí ojú padà wò mí.

Kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari, wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù nínú ẹní. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá mi fà mí wọ yàrá. "A ò mọ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Ṣé o gbọ́?" Gbogbo èèyàn ń sọ pé kádàrá ni. Àfáà náà tún un sọ níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi sì ṣe àmín sókè ju ti gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ lọ. Wọ́n pín àkàrà sàráà kàn mí. Mo rún un mọ́wọ́ títí ó fi di iyẹ̀fun.

Ọjọ́ kejì fídáù ni mo lọ bá Bàbá. Ọpọ́n yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òjò ti wọ inú ẹ̀, torí àwọn ìyá abà ní àwọn ò gba ọpọ́n tó ti pànìyàn. Bàbá jókòó lórí táyà, wọn ò ṣe nǹkan kan. Mi ò tíì rí wọn kí ọwọ́ wọn dilẹ̀ rí.

"Bàbá, èmi ni mo kun ìlà yẹn."

"Mo mọ̀."

Mo ń wo omi òjò inú ọpọ́n náà.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni wọ́n wí. "Ọ̀dà búlúù wà ní abẹ́ èékánná rẹ lọ́jọ́ yẹn. Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

Wọ́n wo ọwọ́ mi pẹ́. "Máa lọ sílé," ni wọ́n wí. Wọn ò pè mí ní ìyàwó wọn. Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó wá sílé wa pẹ̀lú ọparun náà. Àwọn ìyá abà ti yí ọ̀rọ̀ padà, ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé, ọpọ́n gbọ́dọ̀ jáde. Ìyá mi kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe rí Bàbá.

"Ògiri onílé kì í ṣe síléètì mi," ni Bàbá sọ fún wọn. "Èmi ni mi ò tún ọ̀pá gbé lẹ́yìn ọdún. Ọ̀nà ọjọ́ kan kì í ṣe ọ̀nà ọjọ́ kejì, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá tọrọ ààyè lára ògiri yín ni, ibi tí ọ̀dà ò ní lè bò."

"Ẹ gbà á, Bàbá," ni ìyá mi wí sílẹ̀.

Bàbá kọjú sí mi. "Ìwọ, gbé orí ọ̀pá."

Mo gbé e. Bàbá fúnra wọn gbé ìrù, níbi tí ọmọ wọn máa ń dì mú. A padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ọparun náà wúwo, ó ń gún mi léjìká, mi ò jẹ́ sọ pé ó wúwo. Nígbà tí a dé kọ́nà, mo gbọ́ tó họ ògiri, mo dúró kí wọ́n tó ní kí n dúró. Mo padà lọ bá wọn nídìí ìrù, wọ́n yọ ṣísẹ́lì àti òòlù lápò, wọ́n nà án sí mi. Ọwọ́ mi ò tó ibẹ̀. Ìyá mi wọlé, wọ́n gbé àpótí ìjókòó jáde, wọ́n gbé e sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì dì í mú kó má mì. Mo gún ògiri wa. Ọ̀dà búlúù ló kọ́kọ́ ń já, lẹ́yìn náà sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà amọ̀ pupa. Mo ń gbẹ́ ẹ títí mo fi ṣe é tán, ìlà kan lóòró, ìlà kan níbùú, ó jìn tó oríkèé ìka kan. Lọ́jọ́ kejì, ọpọ́n kọjá níbẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ọkọ̀ tí Bàbá ṣe kẹ́yìn nìyẹn.

Bàbá ti kú. Ìyá mi ti kú. Wọ́n ń ta ike fóònù ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ọ̀kadà ló sì ń gba kọ́nà wa kọjá báyìí. Bàbá ò fìgbà kankan sọ fún mi pé àwọn dárí jì mí. Mo ti gbìyànjú láti gbà pé ọ̀pá tí wọ́n ní kí n gbé ló jẹ́ ìdáríjì. Nígbà mìíràn mo máa ń gbà. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé wọ́n kàn fẹ́ kí n mọ bí ìrù ṣe jìnnà sí orí tó ni.

Nígbà tí Iléyá tó kọjá yìí ń bọ̀, àbúrò mi ní ká tún iwájú ilé ṣe. Mo bá bíríkìlà níbẹ̀, ó gbé sìmẹ́ńtì sórí tírówẹ̀lì tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ó ń wo kọ́nà.

"Àǹtí, ṣé kí n dí ihò yìí?"

"Fi í sílẹ̀."

"Kí ló wà fún?"

"Ibi tí ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ dúró ni."

Ó wo ọ̀nà tóóró náà sókè, ó wò ó sísàlẹ̀. "Ọkọ̀ wo, Àǹtí?"

Mo ní kó ṣáà fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ibẹ̀, èmi ni mo gba búrọ́ọ̀ṣì tí mo kun etí ihò náà yíká, mi ò jẹ́ kí ọ̀dà kan wọ inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fọ ọwọ́, mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha abẹ́ èékánná mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ti mọ́. Mo tún ń ha á.