Gààrí Inú Rédíétọ̀ Àlájà

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ di dírẹ́bà ní Mushin, kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣe mótòbọ́ì, tí mo ń sùn lórí pákó, tí mo ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ láti lọ gbé igi sábẹ́ táyà. Nígbà tí ìwé ìwakọ̀ wá tẹ̀ mí lọ́wọ́, ta ló tún fẹ́ kọ́ mi ní nǹkan kan?

Àlájà tó ni lọ́rì ń ta ọṣẹ àti àdín ní Tejúoṣó. Èrè ọṣẹ ni wọ́n fi ra lọ́rì àlòkù kan tó ń lo dísẹ́lì, pé kó máa kó pákó láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Sùúrùlérè, nítorí ilé kíkọ́ pọ̀ nígbà náà bí olú. Dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ti jó ẹ́ńjìnnì kan mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kò sì fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n máa wà á títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná jù lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ náà di tèmi. Bó bá gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, kí n fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Mo gbà. Mo tiẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọmọ wọn ti di dírẹ́bà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé gbé mì padà.

Mẹkáníìkì wa, ẹgbẹ́ mi ni, gbé kẹ́ẹ̀gì omi aláwọ̀ ewé kan fún mi, tí wọ́n ń pè ní kúláǹtì. Ó ní kí n pò ó mọ́ omi tó mọ́, ìdajì sí ìdajì, pé kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè borí omi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ pé nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ṣe é. Yìnyín wo ló ń bọ́ ní Mushin? Mo ti kẹ́ẹ̀gì náà sábẹ́ ìjókòó, mo sì ń rọ omi kànga ẹ̀yìnkùlé sínú rédíétọ̀, ibi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àlájà bá mi nídìí kànga. Wọ́n ní àwọn mọ omi yẹn dáadáa. Bí èèyàn bá fi ọṣẹ fọ aṣọ nínú rẹ̀ dọ̀la, kò ní hó, ìsàlẹ̀ kẹ́tùrù tí wọ́n bá sì fi sè é á funfun, á le koko.

"Omi tó bá kọ ọṣẹ, á kọ irin," ni wọ́n wí. "Gbé garawa sábẹ́ òjò."

Mo ní ó dáa, mà. Nínú ọkàn mi, mo ní kí ló kan ìyá ọlọ́ṣẹ nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Kò tó oṣù méjì tí rédíétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ká ní mo sọ ni, mẹkáníìkì ì bá jó ojú ibẹ̀ pọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí Àlájà má baà gba kọ́kọ́rọ́. Mo bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì. Àwọn kan ní kí n fọ́ ẹyin sí i, àwọn kan ní ata gígún, ṣùgbọ́n gbogbo àgbà ibẹ̀ ló gbà pé kò sóhun tó tó gààrí Ìjẹ̀bú: á wú, á sì dí ihò náà pa. Gààrí ló wà nílé. Wọ́n ní ẹ̀kúnwọ́ kan, mo da méjì sí i, kí n má baà dà bí ahun. Jíjò dá lóòótọ́. Inú mi dùn, mo ń súfèé kiri àdúgbò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kó pákó ní Èbúté Mẹ́ta, Àlájà sì wọlé síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé kí n já àwọn sílẹ̀ ní ọjà. Bí a ṣe wọ Yábàá, mo rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ń gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi Àlájà bí ọjà ṣe ń lọ, bí àdín ṣe gbówó lórí sí, ohunkóhun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n wo iwájú. Wọ́n dá mi lóhùn títí èéfín fi bo gíláàsì.

Mo páàkì. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo fi àkísà tútù ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ohun tó yọ sókè kì í ṣe omi. Ẹ̀bà ni, ìpẹtà ti sọ ọ́ di pupa, ó sì ń rú èéfín. Àlájà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọbẹ̀ dà?" ni wọ́n bi mí.

Àwọn tó bá wa kó pákó, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Àlájà na ọwọ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn.

Mẹkáníìkì dé, ó yọ rédíétọ̀, ó sì bi wá pé ta ló ṣe irú èyí. Kí n tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ní bóyá ẹni tó ta ọkọ̀ fún Àlájà ni. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún mi, kí n ṣáà gbabẹ̀ jáde ni. Mo wo etí ìró Àlájà.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ̀kúnwọ́ méjì. Kúláǹtì tí mẹkáníìkì fún mi sì wà lábẹ́ ìjókòó. Mi ò dà á sí i rí."

Àlájà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Tejúoṣó.

Nígbà tí mẹkáníìkì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú rédíétọ̀, nǹkan funfun tó le bí èyí tó wà nísàlẹ̀ kẹ́tùrù ń já bọ́, òun pẹ̀lú ìpẹtà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Àlájà, lọ́rì kò sì jáde ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n wá omi òjò fún un. Omi tó bá kọ́kọ́ ṣàn láti orí páànù, kí n dà á nù, nítorí eruku. Lẹ́yìn náà ni kí n gbé garawa síbẹ̀, kí n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí n bu díẹ̀, kí n fi ọṣẹ wò ó. Bó bá hó dáadáa, kí n pò ó mọ́ kúláǹtì, ìdajì sí ìdajì. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì wò, òun ló ń lọ gba kọ́kọ́rọ́. Tèmi ni kí n máa yẹ omi wò láràárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Mo ń ṣe é bí ẹni ń ṣọ́ ìkókó, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ̀ bóyá dírẹ́bà mìíràn ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Òjò dá. Àlájà wá láàárọ̀ kan, wọ́n ní kí n bu omi rédíétọ̀ sínú abọ́ funfun. Ó ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, ó mọ́ gaara. Wọ́n tú etí ìró wọn.

"Mo ní bó bá gbóná, kí o dá kọ́kọ́rọ́ padà. O dá a padà. Mi ò sọ pé mi ò ní fún ẹ mọ́."

Mo bi wọ́n bóyá gààrí náà kò dùn wọ́n mọ́.

"Gààrí ṣeé fọ̀ kúrò," ni wọ́n wí. "Ká ní o purọ́ mọ́ ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi, ọṣẹ wo ni ǹ bá fi fọ ìyẹn?"

Kọ́kọ́rọ́ náà ń ta sánsán ọṣẹ. Mo wa lọ́rì náà títí ó fi di ògbó, ẹ́ńjìnnì kò sì gbóná jù mọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí Àlájà bá bá mi nídìí ẹ̀bà, wọ́n á yọjú wo abọ́ mi, wọ́n á ní ṣé tèmi nìyẹn, àbí ti lọ́rì.