Ẹyẹ Tó Wọ Òrùka ní Kwali

Òórùn ẹ̀pà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ló kọ́kọ́ máa ń kí èèyàn nílé ìyá àgbà kan ní Kwali. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbin ẹ̀pà àti ilá sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbi àbàtà tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní fàdámà, níbi tí aládùúgbò rẹ̀ ti ń dá oko ìrẹsì. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, tí òjò bá dá fún ìgbà díẹ̀, èéfín ìkòkò tí àwọn amọ̀kòkò ń sun máa ń fẹ́ kọjá lórí omi náà. Ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ìyá náà obìnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Jahi nígboro, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan pé kí n bá òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ lọ kó ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pátápátá. “Bùrọ̀dá, Mọ́mì máa ń gbọ́ tiyín. Wọ́n ní ẹyẹ gíga kan ń wá sí fàdámà, ó sì wọ òrùka sẹ́sẹ̀. Òrùka o!” Mo bi í pé kí ni dókítà wí. Ó ní àwọn ò tíì rí dókítà, ẹgbẹ́ àdúrà ni òun kọ́kọ́ sọ fún. “Yálà orí Mọ́mì ti ń dàrú, tàbí ẹnì kan ló rán nǹkan sí wọn. Èyí tó wù kó jẹ́, wọn ò lè dá gbé ibẹ̀ mọ́.”

Mo mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìyá náà. Òkè kejì ni ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Jahi, kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀, kò síbi tí èèyàn lè gbin ata sí. Ìyá náà ti gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀ rí. Ó ní ńṣe ni wọ́n gbé òun sórí pẹpẹ bí àwo àlejò.

“Ọkun o,” ló fi kí wa nígbà tí a dé, bí àwọn ará Kabba ṣe ń kíra wọn. Ọmọ rẹ̀ ò jókòó rárá. Ó wọ yàrá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú àpò gáná-mọ́s-gò méjì. Èmi jókòó ti ìyá níbi tó ti ń já ẹ̀pà kúrò lára ewé, mo bi í bí òrùka náà ṣe rí.

“Dúdú ni. Ó ga lára ẹsẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀. Ẹnu ẹyẹ náà pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ funfun, etí apá rẹ̀ ló dúdú. Kì í ṣe lékeléke o. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ lékeléke?”

“Ìyá, ṣé nǹkan kan wà lára òrùka náà?”

“Ojú mi ò ká ibẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo sọ.”

Gbólóhùn yẹn ni mo mú. Lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe, ẹni tó ń hun ọ̀rọ̀ jọ kì í sábà kọ ìbéèrè kankan. Tí o bá bi í ní àwọ̀ ìlẹ̀kùn, á sọ ọ́, tí o bá bi í ní iye ìṣó tó wà lára rẹ̀, á sọ ìyẹn náà. Ìyá yìí mọ ibi tí ìríran rẹ̀ parí sí.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ò tó. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá aládùúgbò rẹ̀ nínú ìrẹsì, ará Gbagyi kan tó ti bá àwọn Yorùbá gbé pẹ́ débi pé ó gbọ́ èdè náà dáadáa. Ó ní òun rí ẹyẹ náà. Shamuwa ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Haúsá, ṣùgbọ́n èyí funfun ju tibí lọ. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

“Ẹsẹ̀? Kai! Oko mi ni mò ń wò, èmi ò kí ń wo ẹsẹ̀ ẹyẹ.”

Mo padà, mo sọ fún ọmọ ìyá pé àwọn onímọ̀ ní ìlú òyìnbó máa ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń sá lọ kí òtútù tó dé.

“Ẹ̀yin rí òrùka náà?”

“Rárá.”

“Aládùúgbò rí i?”

“Ẹyẹ ló rí, kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀.”

“Tó bá jẹ́ ìròyìn lẹ fẹ́ kọ, ṣé ọ̀gá yín á gbà á báyẹn?”

Mo ní kò ní gbà á. Ó gbé àpò méjèèjì lọ sínú búùtù ọkọ̀.

Ìyá ò jà. Ó kàn ní kí a dúró títí oòrùn á fi rọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyẹ náà máa ń wá, òun sì fẹ́ kí i pé ó dìgbà. Bí a ṣe dúró létí fàdámà nìyẹn: ọmọ káwọ́ lé àyà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, aládùúgbò fi ọkọ́ ṣe ọ̀pá. Àwọn lékeléke kọ́kọ́ tẹ̀ lé màlúù kọjá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹyẹ ńlá kan yípo lókè láìju apá, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti kórè ìrẹsì. Ìyá nàka sí ọ̀kan nínú wọn. Mo yọ kámẹ́rà mi tó ní lẹ́ǹsì gígùn, èyí tí mo fi ń ya àwọn olóṣèlú láti òkèèrè, mo sì gbé e fún ọmọ rẹ̀ kí èmi tó wò ó.

Ó fi lẹ́ǹsì náà wá ẹsẹ̀ ẹyẹ náà kàn.

“Òrùka ni,” ó ní. “Wọ́n kọ nǹkan sí i lára.”

“Àwọn òyìnbó tó kọ̀ tí wọn ò fún ọ ní físà,” ni ìyá rẹ̀ wí, “wò ó, ẹyẹ wọn ló wá kí mi yẹn.”

Aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀. “Mọ́mì, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà báyìí?”

“Sọ fún wọn pé mo kí wọn. Kó o sì gbé àpò mi sọ̀ kalẹ̀.”

Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbé méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn ẹyẹ náà lọ, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún rí òrùka níbẹ̀. Láti ọdún yẹn, bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, ọmọ rẹ̀ á pè é láti Jahi. Ìyá kì í dúró de ìkíni. “Wọn ò tíì dé,” ni yóò kọ́kọ́ sọ, tàbí, “Wọ́n ti dé.” Ọmọ á ní ó dáa. Kì í béèrè ẹlẹ́rìí.

Èmi ṣì máa ń ronú sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀rí ni mò ń wá kiri lójoojúmọ́, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ká ní ẹyẹ náà bà sí oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, orí pẹpẹ ní Jahi ni ìyá ì bá sùn mọ́jú, bẹ́ẹ̀ òótọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó sọ ní àárọ̀ ì bá ṣì jẹ́.