Mítà Tèmi ni Mo Fẹ́ Rí

Ohun tó ń bí mi nínú jù láyé ni kí ènìyàn fi nǹkan mi pa mọ́ fún mi, kó tún máa bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi rírí rẹ̀ ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni méjì ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni onílé mi ní Kàbà. Èkejì ni òyìnbó kan tí n kò fojú rí rí.

Inú yàrá tí mo gbà lọ́wọ́ onílé yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ kan nílùú òyìnbó. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni iléeṣẹ́ náà ní, a sì pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá. Kọ́ńténà là ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà kó iṣẹ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀, kò mọ ẹni tó wà lódìkejì ògiri. Kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà náà, ni onílé wọn. Ó fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n rí bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, ẹni inú yàrá á kàn jókòó, á máa retí. Tó bá sú u, èmi ni yóò bú.

Mo wá ṣe àtúnṣe sí kánẹ́ẹ̀lì náà, kí yàrá kọ̀ọ̀kan lè máa rí ipò ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan, kó máa wò ó láìfọwọ́ kàn án. Gbogbo ayé ló jọ ń tún kánẹ́ẹ̀lì yìí ṣe. Lẹ́tà là ń kọ sí àgbà tó ń ṣọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ní gbangba, níbi tí gbogbo wa ti ń kà á. Òyìnbó tó ń ṣọ́ ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá mi lóhùn pé: kí ni ẹni inú kọ́ńténà fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó jáde nínú kọ́ńténà. Inú bí mi. Tó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, iṣẹ́ mi wọmi nìyẹn, àwọn tèmi á sì máa jókòó sínú òkùnkùn lọ.

Ká tó wí ká tó fọ̀, òkùnkùn dé bá èmi náà. Orí òpó níta ni mítà iná wa wà. Kípáàdì kékeré tó ń fi iye iná tó kù hàn ló yẹ kó wà lára ògiri ayálégbé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n onílé ti kó gbogbo rẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀, ó ní a óò bà á jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, iná lọ láàárọ̀. Èmi àti ìyá aránṣọ tó wà ní yàrá kejì bú àwọn oníná títí oòrùn fi yí, kó tó di pé a rí fáànù onílé tó ń yí. Iná wà. Tiwa tí a jọ rà lọ́jọ́ kan náà ló tán, a ò mọ̀! Aṣọ ìyàwó wà lọ́wọ́ ìyá aránṣọ, ọjọ́ kejì sì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

A lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé títí ó fi ti oko dé.

"Okun, Baba. Kípáàdì wa la wá gbà."

"Okun o. Kí lẹ fẹ́ fi rírí ẹ̀ ṣe? Ṣebí iná lẹ ń fẹ́. Ẹni tí ulé mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kẹ́rù ẹ̀."

Ẹ̀rín ló pa mí. "Baba, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo ń gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí. N ò ní kẹ́rù. N ò béèrè òpó, n ò béèrè tẹnikẹ́ni. Mítà tèmi ni mo fẹ́ rí."

Ìyá aránṣọ ò dìde níbi tó jókòó sí. Ó tẹ́ aṣọ ìyàwó sórí itan, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rán an. Nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í kọjá láì kí ènìyàn pé "Okun". Gbogbo ẹni tó sì kí wa ló ń béèrè ìdí tí aránṣọ fi ń fọwọ́ rán aṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíì. Ó ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kankan. Ojú ti onílé. Ó wọlé, ó kó kípáàdì méjì jáde.

"Tò, ẹ gbà."

Mo ra iná sí mítà mi; bí ó ṣe dé ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo fi àtúnṣe mi ránṣẹ́ padà, n kò yí ohunkóhun padà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé n kò ní jáde nínú yàrá tí mo gbà, àti pé ẹ̀rọ tèmi ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe tẹlòmíì. Àwọn tó ń kà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ẹni kan ní òun náà ti jókòó sínú òkùnkùn yẹn rí. Òmíràn ní òun ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, òyìnbó náà kọ̀wé: ó ti gba àtúnṣe mi wọlé sínú kánẹ́ẹ̀lì. Ìyá aránṣọ ní kí n tètè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé àgbà ni. Mo ní fún kí ni? Ẹni tó dá nǹkan mi padà fún mi kò ta mí lọ́rẹ. Ohun tí mo kọ sí i ni pé: "Mo ti rí i."