Ta Ni Yóò Jókòó Ṣe Aláìsàn fún Mìsítúrà?

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní fi bò. Mìsítúrà, aládùúgbò mi ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò àwọn olùrànlọ́wọ́ dókítà, kì í sì í ṣe pé kò mọ̀wé. Wọ́n ní kó sọ fún bàbá arúgbó kan, òṣèré tí wọ́n sanwó fún pé kó ṣe bí aláìsàn, pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Ó kí bàbá dáadáa. Ó bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ọmọ rẹ̀ kankan tẹ̀ lé e wá. Ó ń yí ọ̀rọ̀ po títí aago fi dún. Ta ló kọ́ ọ? Àwa náà ni. Láàárín wa, a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ aláìsàn lójú. Ẹbí rẹ̀ là ń pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó tún un ṣe. Iléewòsàn kékeré kan ní Sydenham ti gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì ni wọn yóò mú.

Ló bá gbé àga méjì kojú ara wọn ní pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní kí n máa wo aago lórí fóònù. Ó bẹ Uncle Làtíìfù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé, pé kí wọ́n jókòó ṣe aláìsàn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tilẹ̀ ń wúkọ́ èké.

"Uncle, ẹ má bínú, the result is not good. Jẹjẹrẹ ni. Ó wà nínú ìfun yín."

Wọ́n fò sókè bí ẹni tí iná jó. "Ìfun ta? Aúsù bíláhì! Èmi lo fẹ́ fi ṣe practice ikú?"

"Uncle, acting ni now!"

"Acting kọ́, reacting ni! Tí málàíkà bá ṣàmín sí i ńkọ́? Òyìnbó pọ̀ ní East Dulwich, lọ fún wọn ní jẹjẹrẹ tìẹ!"

Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ojú Mìsítúrà kò gba ẹ̀rín. Mummy yọ láti kíṣìnnì, wọ́n ní kó sáré lọ bẹ Uncle. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti gbaná jẹ.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún Daddy! Dókítà sọ fún yín ní corridor pé jẹjẹrẹ ni, ẹ wá ń sọ fún wọn pé ulcer ni. Wọ́n ń bẹ̀ yín pé àwọn fẹ́ lọ wo Màmá wọn ní Ìsẹ́yìn, ẹ ní kí ulcer san ná. Ulcer! Ibí ni wọ́n kú sí, Mummy, wọn ò mọ nǹkan tó pa wọ́n!"

N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Èmi náà kí Mummy kú ara fẹ́ra kù nígbà yẹn, mo sì gba ulcer gbọ́. Inú bí mi. Àánú sì ni wọ́n ń pè é o! Òtítọ́ korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹnu ló yẹ kó tọ́ ọ wò.

Mummy kò jà. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n jókòó sórí àga tí Uncle fi sílẹ̀. "Oyá, bẹ̀rẹ̀. Inúmidùn, wo aago ẹ."

Mìsítúrà wo ìyá rẹ̀ lójú, ohun tí wọn kò kọ́ ọ láti kékeré, ó sì sọ ọ́: jẹjẹrẹ ni, ó ti tàn kálẹ̀, kò ní san. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń retí ìbéèrè, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́.

Mummy wá bi í. "Ká ní a sọ fún Daddy yín nígbà yẹn, ṣé ara wọn á ṣì gbé ìrìnàjò? Ṣé wọ́n á rí Màmá?"

Mo rò pé Mìsítúrà yóò sọ pé kádàrá ni, kí wọ́n má ronú mọ́. Ohun tí èmi ì bá sọ nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy," ó ní. "Ara wọn á gbé e. Wọ́n á rí Màmá."