Ẹ̀gbọ́n Mi Kì í Jẹun, Èmi Ń Jẹ Mo Ń Bì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí à ń gbé ní Barnawa nílẹ̀ Hausa, gbogbo ẹni tó bá wọ ilé wa ló gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣàìsàn, pé ara tèmi le. Irọ́ ni. Àwa méjèèjì là ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n àìsàn wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó dá mi lójú, nítorí ara mi ni mo ti kọ́ ọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá wa, tíṣà sì ni màmá wa. Apá Kàbà ni wọ́n ti wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé dé fún ìsinmi, gbogbo aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú. Bí màmá bá bu tuwó, òkèlè àwọn Hausa, fún un, á gé e sí wẹ́wẹ́, á máa tì í kiri inú abọ́, á ní òun ti yó. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ síta, síbẹ̀ á dúró níwájú dígí, á ní òun sanra. Kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, àwọn kan ládùúgbò ní ó ti lóyún. Màmá mú un lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sí oyún kankan.

Èmi ń jẹ tèmi, mo tún ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú tirẹ̀. Màmá á ní kó wo àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Wọn kò mọ̀ pé mo máa ń fo oúnjẹ àárọ̀, pé bí ilé bá ti dá, mo máa ń kó ìrẹsì tútù, búrẹ́dì àti àkàrà kósé àárọ̀ jẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé, láìmọ adùn rẹ̀, títí inú mi á fi fẹ́ bẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú á bò mí, mà á lọ sẹ́yìn ilé, mà á bì í dànù. N kò rù, n kò sanra. Ta ni ìbá fura?

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀. Hausa la máa ń sọ síra wa, ó sì fi Hausa bi mí lọ́jọ́ kan ìdí tí mo fi ń bì. Èmi náà bi í ìdí tí kì í fi í jẹun.

Ìjọ wa kéde ààwẹ̀ nítorí àìsàn ẹ̀gbọ́n mi. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbọ́n mi dùn ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí àìjẹun rẹ̀ ti wá di ìwà mímọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ṣínu, òun kò ṣínu. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dákú láàárín ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan ló gbà á sílé ìwòsàn. Nígbà tí èmi àti màmá lọ wò ó, dókítà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú nísàlẹ̀ etí, wọ́n ní kí n la ẹnu, wọ́n wo eyín mi tí èébì ti jẹ.

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé oúnjẹ máa ń dúró nínú rẹ?”

Màmá ti dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ní tèmi kò ní wàhálà, mo ń jẹun dáadáa. Dókítà kò gbójú kúrò lára mi. Mo fi Hausa sọ pé rárá, “A'a.”

Màmá jókòó. Wọ́n béèrè bóyá ti ẹ̀gbọ́n mi ló ràn mí.

Dókítà ní, “Rárá, màmá. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù kí oúnjẹ wọlé. Àbúrò ń kó o wọlé láìlè dá ara rẹ̀ dúró, ó wá ń bẹ̀rù kó má lọ di ọ̀rá sí i lára.”

Wọ́n ní irú kẹta wà, àwọn tó máa ń jẹ lájẹjù ní kọ̀rọ̀ bíi tèmi, ṣùgbọ́n tí wọn kì í bì. Ọ̀jẹun laráyé ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ àìsàn ni tiwọn náà. Wọ́n ní ìbáwí kì í wo èyíkéyìí nínú wọn sàn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún ẹ̀gbọ́n mi lóúnjẹ, níṣojú nọ́ọ̀sì, nítorí ọkàn àyà rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ní tèmi, n kò gbọdọ̀ fo oúnjẹ àárọ̀ mọ́, nítorí ebi tí mo ń fi pa ara mi lójúmọmọ ló ń lé mi dé ìdí ìkòkò. Kí ẹnì kan sì máa jókòó tì mí bí mo bá jẹun tán.

Màmá ló ń jókòó tì mí. A jọ ń ṣa ìrẹsì, wọ́n ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ tún dábàá ààwẹ̀, màmá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, “Ẹ bá mi gbàdúrà, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kankan kò ní gbààwẹ̀.”

Kò yá bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún padà sí ọsibítù, ó tún kíláàsì kan ṣe. Èmi jáwọ́, mo tún ṣubú, mo tún dìde. Ṣùgbọ́n a yè é, àwa méjèèjì.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, obìnrin ará Ìlọrin kan tó ti gbọ́ ìtàn wa mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá màmá láti àdúgbò Ungwan Dosa, ó ní ọmọ náà kì í jẹun. Màmá mú ọmọ náà wọ yàrá, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá kì í jẹ ni, àbí ó ń jẹ tó ń bì, àbí ó ń jẹ kọjá agbára rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó dáhùn. Màmá jáde, wọ́n wé gèlè wọn, wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ máa bá àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.